“A Kì í Ti Kóòtù Bọ̀ Ṣọ̀rẹ́”: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Tí Ó Wọ Inú Òwe Yorùbá

Nínú ìwádìí lórí òwe Yorùbá, ó ti mọ́ wa lára láti máa ka òwe sí ogún tí kò ní ọjọ́ orí. A ó ní àwọn baba ńlá wa ni wọ́n pa á, a ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe kan wà tí ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìgbà tí a bí i: “A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.” Ẹni tí ó gbé ayé Ọ̀yọ́-Ilé kò lè pa òwe yìí, nítorí pé kóòtù kò sí létí rẹ̀, kò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Òwe kò lè dàgbà ju ọ̀rọ̀ tí ó gbé e ró lọ. Bí a bá mọ ìgbà tí kóòtù wọ èdè wa, a ti mọ ibi tí a kò lè ti òwe náà kọjá sẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, court, láti ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti rí i, títí dé ibi tí ó ti di ara ọ̀rọ̀ àgbà láàrin wa. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn mi kò ju ọ̀kan lọ: nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ní ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé èyí tí a mú ni a mú, tí a sì fi ìyókù sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yá

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé court ju ilé ẹjọ́ lọ. Àgbàlá tí ògiri yí ká ni court. Ààfin ọba ni court. Àwọn ìjòyè àti ẹmẹ̀wà tí wọ́n rọ̀gbà yí ọba ká, court ni wọn. Ibi tí a ti ń gbá tẹ́níìsì ni. Ọkùnrin tí ó ń dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin, court ni ó ń ṣe. Títí di òní, Court of St James’s ni a ń pè é bí orílẹ̀-èdè mìíràn bá rán aṣojú sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹrù yìí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan.

Gbòǹgbò rẹ̀ kò ga rárá. Nínú èdè Látìn, cohors ni ọgbà tí a sọ yí ká, irú ibi tí àgbẹ̀ ń kó ohun ọ̀sìn sí. Ìbátan ni òun àti hortus, tí í ṣe ọgbà ọ̀gbìn. Láti inú ọgbà ni ó ti di orúkọ àwọn tí ọgbà kan ṣoṣo kó jọ, pàápàá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ́gíọ́nù Róòmù. Nígbà tí Látìn di Faransé lẹ́nu àwọn ará Gaul, cohors di cort, ó sì di àgbàlá ẹni ńlá, ibi tí àwọn ìránṣẹ́ àti àlejò rẹ̀ ti ń dúró dè é.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò bá ọ̀rọ̀ yìí nílé. Ogun ni ó gbé e wá. Ní 1066, William ará Normandy kọjá òkun, ó ṣẹ́gun, ó gorí ìtẹ́, èdè Faransé sì di èdè ààfin àti èdè ìdájọ́. Kí ó tó dé, dom ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìdájọ́, gemot sì ni ìpàdé tí wọ́n ti ń dá a. Àwọn ọ̀rọ̀ ilé wọ̀nyí ni court, judge, jury àti prison lé kúrò lójú agbo, Faransé sì ni gbogbo wọn. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí dom: ó kù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní gẹ́gẹ́ bíi doom, ìparun tí kò ṣe é yẹ̀. Ó gba ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gba ẹnu wọn padà. Ní 1362 ni òfin kan jáde pé kí a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rojọ́, nítorí pé àwọn tí ẹjọ́ kàn kò gbọ́ Faransé tí a fi ń rò ó lé wọn lórí. Òfin náà fúnra rẹ̀, Faransé ni a fi kọ ọ́.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa lórí ọ̀rọ̀ àyálò, ńṣe ni a máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Yorùbá ti yá a. Ọ̀dọ̀ ayáni ni a ti yá court. Ọ̀rọ̀ aṣẹ́gun ni ó jẹ́ fún àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún kí ó tó di ọ̀rọ̀ aṣẹ́gun fún ará Èkó.

Báwo wá ni àgbàlá ṣe di ilé ẹjọ́? Ọba ni ó ń dájọ́, àgbàlá rẹ̀ sì ni ó ti ń dá a. Àmọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà kì í jókòó sójú kan; láti ìlú dé ìlú ni ó ń rìn, ẹni tí ó bá sì ní ẹjọ́ níláti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn Magna Carta tí Ọba John tẹ èdìdì sí ní 1215, ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí ó ní kí ẹjọ́ láàrin ará ìlú sí ara wọn má ṣe máa tẹ̀lé court ọba kiri mọ́, kí a máa gbọ́ ọ ní ibi kan pàtó. Westminster ni ibi náà padà wá jẹ́. Lójú tèmi, ẹsẹ kékeré yìí ni ó la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Láti ìgbà náà ni court kan ti wà tí ó ń bá ọba rìn, tí òmíràn sì jókòó láìsí ọba nínú rẹ̀, tí ó kàn ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́.

Àwọn ìtumọ̀ ìyókù kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìwà ọmọlúàbí tí a ń kọ́ nínú ààfin di courtesy. Ẹni tí ó ń fẹ́ ojúrere obìnrin ń ṣe bí ìjòyè tí ó ń wá ojúrere ọba. Tẹ́níìsì àtijọ́ sì jẹ́ eré inú àgbàlá olówó, irú èyí tí ó ṣì wà ní Hampton Court, ààfin Ọba Henry Kẹjọ. Inú ọgbà kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Àgbàlá tiwa

Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń kọ́ ààfin nílẹ̀ Yorùbá kò ní rí ohun àjèjì nínú ìtàn yìí. Àgbàlá nínú àgbàlá ni ààfin: ojúde wà fún gbogbo ènìyàn, akódì wà fún ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀, ibòmíràn sì wà tí ẹsẹ̀ kì í dé. Kọ̀bì iwájú ààfin Aláàfin ni ọba ti ń jókòó bí ó bá fẹ́ kí ìlú rí òun. Nínú àwọn àgbàlá wọ̀nyí ni ọba àti ìjòyè ti ń gbọ́ ẹjọ́ tí ó bá ju agbára baálé àti olórí àdúgbò lọ. Nítorí náà, ohun tí court jẹ́ kí ọdún 1215 tó dé, ààfin jẹ́ ẹ pátápátá: ilé, ọba, ìjòyè àti ìdájọ́ lábẹ́ orúkọ kan.

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì mọ èyí. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì bá ti lo court fún àyíká àgọ́ àti tẹ́ḿpìlì, tàbí fún inú ilé ọba nínú ìwé Ẹ́sítérì, àgbàlá ni Bíbélì Yorùbá tí a parí ní 1884 lò. Wọn kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí òkèèrè, nítorí ọ̀rọ̀ wà nílé. Ìyẹn ni pé fún ìtumọ̀ tí ó dàgbà jù nínú ìtumọ̀ court, èdè wa kò ní gbèsè lọ́rùn. Bákan náà ni kò yá èyí tí ó jẹ mọ́ ìfẹ́ tàbí ti ìwà ọmọlúàbí. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni a mú wọlé tí ó fìdí múlẹ̀, ìyẹn ilé tí ìdájọ́ wà tí ọba kò sí níbẹ̀. Ohun tí a kò ní ni a yá.

Bí kóòtù ṣe dé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1863, a sọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di òfin Èkó. Ní 1876, nígbà tí a ń ṣàkóso Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast, òfin Supreme Court jáde. Òun ni ó fi lélẹ̀ pé kóòtù lè tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀, bí àṣà náà kò bá ti tako ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kà sí òdodo, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ẹni tí yóò sọ bóyá ó tako ó, adájọ́ tí kò gbọ́ èdè wa ni.

Èdè fúnra rẹ̀ fi hàn bí ará ìlú ṣe rí ilé tuntun yìí. Ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá ẹjọ́ rìn wé èyí tí ó ń bá kóòtù rìn. Ẹjọ́, a ń rò ó, a ń gbọ́ ọ, a ń dá a, a ń jẹ́ ẹ, a sì ń parí rẹ̀. Kóòtù, a ń lọ ni. A ń gbé ènìyàn lọ. A ń wọ́ ọ lọ. A sì ń ti ibẹ̀ bọ̀. Lóòótọ́, nínú ìwé ìròyìn òde òní, kóòtù náà a máa dájọ́, a sì máa dá ènìyàn láre tàbí lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn ni ó gbalẹ̀. Ibi kan ni kóòtù, ó sì jìnnà sílé. Òwe wa kò sọ pé a kì í rojọ́ ṣọ̀rẹ́, kò sì sọ pé a kì í dájọ́ ṣọ̀rẹ́. Ó ní a kì í *ti* kóòtù *bọ̀*. Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ni ó ń dà á láàmú.

Láti Èkó ni kóòtù ti wọ ilẹ̀ àárín. Ní 1904, ìjọba Ẹ̀gbá àti ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn tí ó fi ẹjọ́ ìpànìyàn àti ẹjọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ lé Supreme Court lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni òfin Native Courts ti Lugard dé ní 1914, èyí tí ó sọ ọba àti ìjòyè fúnra wọn di adájọ́ kóòtù, pẹ̀lú akọ̀wé tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àti akódà tí ó ń pe ènìyàn. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí ṣe. Ìjòyè tí ó ti ń parí ìjà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni ó tún jókòó, àmọ́ ní báyìí, ìwé ìpẹ̀jọ́ wà, owó ìpẹ̀jọ́ wà, ọ̀gbẹ́ni Rẹ́sídẹ́ńtì sì wà lókè tí ó lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí àwọn ará Òkè-Ihò àti Ìṣẹ́yìn dìde ní 1916, tí wọ́n pa Onjò Òkè-Ihò, ọ̀rọ̀ kóòtù tuntun yìí wà lára ohun tí ó ń bí wọn nínú jù, gẹ́gẹ́ bí J. A. Atanda ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdìde náà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni kóòtù bí nínú. Níhìn-ín ni mo rò pé àwa tí a ń kọ̀wé lórí àṣà ti máa ń ṣe àṣìṣe. A máa ń ya àwòrán ìdájọ́ àtijọ́ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ obì àti àdúrà. Ọba a máa gba owó. Ológò a máa wá jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀ títí tí ìtìjú yóò fi mú kí ẹbí rẹ̀ wá owó. Ìwọ̀fà ń sìn, ẹrú ń sìn, obìnrin tí ilé ọkọ sú kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ kúrò bí ẹbí rẹ̀ kò bá ní owó orí láti dá padà. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ilé ìdájọ́ tí kò sí ọba, tí kò sí àna, tí kò sí ẹ̀gbọ́n ọkọ nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ló jẹ́. Iṣẹ́ Kristin Mann lórí ẹrú ní Èkó àti ti Judith Byfield lórí ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi hàn bí àwọn tí kò ní agbára ṣe ń wá ọ̀nà tiwọn nínú ìjọba tuntun náà. Ẹni tí ó bá ti ka ìròyìn ìkọ̀sílẹ̀ láti kóòtù Mápó ní Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀nà náà kò tíì dí.

Ta ni ó pa òwe náà?

Bí a bá fi èyí sọ́kàn, òwe wa kò tún dún bí ọ̀rọ̀ gbogbo Yorùbá mọ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwe mìíràn tí ó jẹ mọ́ ìdájọ́: “Ẹni tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀.” Nínú òwe ìkúnlẹ̀, ẹlẹ́bi wà lórí eékún níwájú àgbà, ó jẹ́wọ́, a ní kí ó dìde, ó parí. Ibi tí ó ti kúnlẹ̀ ni yóò ti dìde bá àwọn tí ó ṣẹ̀ jẹun. Nínú kóòtù, kò sí ìkúnlẹ̀. Inú àpótí ẹlẹ́jọ́ ni ènìyàn ń dúró sí, agbẹjọ́rò tí a sanwó fún ni ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òun jẹ̀bi, ìjìyà ni yóò gbọ́. Ètò méjèèjì ń bèèrè ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ òtítọ́.

Àwọn kan lè sọ pé ó ṣeé ṣe kí òwe yìí ti wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀, kí kóòtù kàn ti gba ipò ọ̀rọ̀ náà. N kò rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ààfin tàbí ilé baálé síbẹ̀, òwe náà yóò di irọ́, nítorí pé kí àwọn méjì lè padà di ọ̀rẹ́ ni a ṣe ń lọ síbẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ojú ogun síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kò ní wáyé rárá. Kóòtù nìkan ni ibi tí ẹni méjì tí wọ́n mọ ara wọn, tí wọ́n ṣì máa padà sí àdúgbò kan náà, lè lọ tí wọ́n á sì bọ̀ ní aláre àti ẹlẹ́bi láìsí ẹni tí ó pa wọ́n rẹ́.

Nítorí náà, mo gbà pé ẹnu àwọn tí wọ́n ní ohun láti pàdánù ni òwe yìí ti jáde: baálé, ẹ̀gbọ́n, àwọn olórí ẹbí, àwọn tí àṣẹ ìlàjà wà lọ́wọ́ wọn kí akọ̀wé kóòtù tó dé. Ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà ní ẹni tí ó ń ṣe é láǹfààní. Obìnrin tí ó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kò lọ síbẹ̀ láti ṣọ̀rẹ́. Bí a bá sọ òwe yìí fún un, kò ní jiyàn. Ó lè ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn.

Ọba lọ sí kóòtù ọba

Ohun kan tún wà tí n kò lè fò dá. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, tí kóòtù Èkó sì ní àṣẹ àbójútó lásán ni Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ní lórí ilẹ̀ náà, olóyè náà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 pẹ̀lú Herbert Macaulay. Iwájú Privy Council ni ó gbé ẹjọ́ lọ. Ní 1921, Viscount Haldane kà á jáde pé ti ará ìlú ni ilẹ̀, àti pé owó gbà-má-bínú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ni ilẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Elékòó, tí ìjọba yọ lóyè tí wọ́n sì kó lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Òun náà gbé ẹjọ́ dé iwájú Privy Council, wọ́n sì dájọ́ ní 1931 pé ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí gómìnà ṣe bá òfin mu. Lọ́dún kan náà ni ó padà sí Èkó.

Kí ni Privy Council? Ìgbìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí ó ń fún ọba kì í tilẹ̀ẹ́ ṣe ìdájọ́ ní orúkọ, ìmọ̀ràn ni. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti gun gbogbo àtẹ̀gùn kóòtù tí kò sí ọba níbẹ̀, òkè pátápátá ni ó ti tún bá court àkọ́kọ́ pàdé, ọba àti àwọn tí ó yí i ká. Èṣùgbàyí, tí àgbàlá tirẹ̀ jẹ́ ilé ìdájọ́ kí a tó gbà á, gba àre nínú àgbàlá ọba mìíràn. Ọ̀nà yìí kò dí fún Nàìjíríà títí di 1963, ọdún tí a di olómìnira tí ààrẹ ń ṣe olórí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí ẹjọ́ ń gùn dé kí ó tó kan èyí tí ó ga jù lọ nílẹ̀ wa lónìí ni a fi gbólóhùn odidi sọ lórúkọ, *kòtẹ́milọ́rùn*. Orúkọ yìí wù mí ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ẹnu ẹni tí ẹjọ́ kàn ni ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ìlò kan kù. Lónìí, bí ọ̀dọ́ méjì bá ní àwọn fẹ́ “ṣe kóòtù”, ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń sọ, èyí tí a ń fi ọwọ́ sí níwájú akọ̀wé ìjọba, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú òfin ìgbéyàwó tí a ṣe ní Èkó ní 1884. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́jọ́, ilé ibẹ̀ kì í sì í ṣe ilé ẹjọ́. Ọkọ ìyàwó a tún máa wọ kóòtù lọ, èyí tí í ṣe coat, ọ̀rọ̀ Faransé mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì yá, tí ahọ́n Yorùbá sì sọ di ìbejì èkíní. Ibi tí tọkọtaya ti ṣọ̀rẹ́ nìyẹn, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ń bọ̀ tí ẹbí méjèèjì fi ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú ìlù.